Gbèsè Tí A Jẹ Ẹni Tí Ó Bá Wa Lọ sí Ìdálẹ̀

Bí lẹ́tà bá dé láti Yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà pé wọ́n ń pe ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa, kí ó wá ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ wọn fún ọdún kan tàbí méjì, tàbí kí ó wá kọ́ àwọn ọmọ wọn ní ilé-ẹ̀kọ́, inú gbogbo wa a máa dùn. Àwọn ẹbí a pé jọ, wọn a jẹ, wọn a mu, olúkúlùkù a sì kí ẹni tí a pè kú oríire. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí a ti ṣe àkíyèsí pé ẹnì kan a máa wà níbi àpèjẹ bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í bi léèrè ohunkóhun. Òun ni ó ń bu oúnjẹ fún àwọn àlejò. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú lẹ́tà náà, síbẹ̀ òun náà ni yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí yóò kó ẹrù, tí yóò sì sọdá òkun. Nípa ẹni yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ̀rọ̀ lọ́dún yìí.

Òfin Amẹ́ríkà ní orúkọ fún un. Ẹni tí a pè ni ó ń gba físà tí à ń pè ní J-1. Ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọn kò tíì ṣe ìgbéyàwó, tí wọn kò sì tíì pé ọmọ ọdún 21, ni ó lè gba J-2. Èdè òfin pè wọ́n ní ohun tí a lè túmọ̀ sí "àwọn tí ó gbára lé e". A ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí. Ọmọ ọwọ́ gbára lé ìyá rẹ̀. Arúgbó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́ gbára lé ọ̀pá àti lé àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó ti ṣe olùkọ́ fún ọdún méjìlá, tí ó ń san owó ilé-ìwé fún àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀, ta ni ó gbára lé? Kí ó tó wọ ọkọ̀ òfurufú, àwọn ẹlòmíràn ni ó ń gbára lé e. Bí ó ti sọ̀ kalẹ̀ ní òdìkejì òkun, ó di ẹni tí ń gbára lé ẹlòmíràn.

A kò sọ pé òfin ń bú u. Nípa ìwé ni òfin ń sọ, kì í ṣe nípa ènìyàn. Ìwé J-2 so mọ́ ìwé J-1 bí ewé ti so mọ́ ẹ̀ka: bí iṣẹ́ ẹni tí a pè bá parí, tàbí tí wọ́n bá dá a dúró, tàbí tí ìgbéyàwó náà bá tú ká, ti ẹni tí ó tẹ̀lé e parí pẹ̀lú. Ohun tí ó ń bà wá lẹ́rù ni pé ohun tí òfin sọ nípa ìwé, àwa fúnra wa a máa gbé e wọ inú ilé, a ó sì sọ ọ́ di òtítọ́ nípa ènìyàn.

Ìbéèrè wa nìyí: kí ni ẹni tí a pè jẹ ẹni tí ó tẹ̀lé e ní gbèsè? Àwọn kan, tí a bọ̀wọ̀ fún, sọ pé kò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan, nítorí pé ọkan ni tọkọtaya, èrè ẹnì kan sì ni èrè àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n ibi tí èrè bọ́ sí nínú ilé náà lè má jẹ́ ibi tí àdánù bọ́ sí, a kò sì lè fi ìṣọ̀kan tọkọtaya bo èyí mọ́lẹ̀.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ bí ọ̀nà yìí ti ṣe là. Ní ọdún 1946, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Sẹ́nétọ̀ J. William Fulbright, ará ìpínlẹ̀ Arkansas, mú kí ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin kan pé kí wọ́n lo owó tí wọ́n rí níbi títa ohun èlò ogun tí ó ṣẹ́kù sí ilẹ̀ òkèèrè láti rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ní ọdún 1961 òfin mìíràn tẹ̀lé e, òun ni ó sì fi ìdí físà J múlẹ̀. Èrò wọn ni pé bí àwọn ènìyàn ilẹ̀ kan bá mọ àwọn ti ilẹ̀ kejì, wọn kò ní tètè gbé ogun ko ara wọn.

Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n nínú ilé kan tí ó ti ìhín lọ, ta ni ó mọ Amẹ́ríkà jù nígbà tí ọdún bá yí po? Ẹni tí a pè a lọ sí yàrá ìwádìí ní òwúrọ̀, a sì padà ní alẹ́. Àwọn onímọ̀ bíi tirẹ̀ ni ó ń bá sọ̀rọ̀, nípa ohun kan ṣoṣo tí gbogbo wọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó tẹ̀lé e ni ó ń mú ọmọ lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, tí ó ń bá àwọn ìyá mìíràn dúró nínú òtútù, tí ó ń wá ibi tí wọ́n ti ń ta iṣu àti epo pupa kiri, tí ó ń kọ́ bí a ti ń ṣàlàyé fún dókítà nígbà tí ara ọmọ bá gbóná. Òun ni aládùúgbò ń bi pé irú èdè wo ni ó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ. Bí pàṣípààrọ̀ bá wà nínú ọ̀ràn yìí rárá, ọwọ́ ẹni tí a kò pè ni ó pọ̀ sí jù. Àwọn tí ó ṣe òfin kò kà á sí àlejò pàṣípààrọ̀. Bóyá bí ìran àwa ènìyàn ti rí náà nìyẹn, pé ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ìpìlẹ̀ kì í sí nínú àwòrán.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀ràn iṣẹ́. A gbọ́dọ̀ fi ẹ̀tọ́ fún ẹlẹ́tọ̀ọ́: òfin J-2 rọ̀ ju àwọn mìíràn lọ. Aya akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wọlé pẹ̀lú F-2 kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ rárá. Ẹni tí ó ní J-2 lè kọ̀wé béèrè àṣẹ iṣẹ́ lẹ́yìn tí ó bá ti dé ọ̀hún, ó sì lè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ bí ó bá fẹ́. Ṣùgbọ́n kò lè béèrè àṣẹ iṣẹ́ náà láti ilé, oṣù púpọ̀ sì lè kọjá kí ó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Yàtọ̀ sí èyí, gbólóhùn kan wà nínú òfin náà tí ó yà wá lẹ́nu. Ó ní owó tí ẹni yìí bá rí lè wà fún ìgbádùn ìdílé, fún ìrìn àjò wọn àti ohun tí ó jẹ mọ́ àṣà, àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò ní fún un ní àṣẹ bí ó bá jẹ́ pé owó náà ni a nílò láti fi gbọ́ bùkátà ẹni tí a pè. A mọ ìdí rẹ̀: ẹni tí a pè gbọ́dọ̀ ti fi hàn kí ó tó lọ pé owó ọwọ́ òun tó òun í jẹ.

Síbẹ̀ ẹ gbé e wò ní ojú ilé Yorùbá. Èwo nínú àwọn ìyá wa ni owó rẹ̀ kì í wọ inú ìkòkò ọbẹ̀? Owó tí obìnrin bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ni ó ń mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ̀wọ̀n nínú ilé. Aláró, aláṣọ, olóúnjẹ, kò sí èyí tí ó ń jókòó de ọkọ kí ó tó ra iyọ̀. Nígbà tí òfin bá wá ní kí owó rẹ̀ jẹ́ ti fàájì, kí ó má jẹ́ ti oúnjẹ, ó mú nǹkan kan kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tí ojú kò tètè rí. (A mọ̀ pé kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan tí ń dúró nídìí ìkòkò láti wo owó ẹni tí a fi ra ẹran. Ohun tí a kọ sílẹ̀ ni à ń sọ.)

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀ràn náà ti le jù ni òfin ọdún méjì. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ní J-1 ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tí ìjọba Amẹ́ríkà tàbí ìjọba ilẹ̀ wọn náwó sí ìrìn àjò wọn, àwọn tí iṣẹ́ wọn wà nínú ìwé àkójọ iṣẹ́ tí ilẹ̀ wọn nílò, àti àwọn dókítà tí wọ́n lọ gba ẹ̀kọ́ ní ilé ìwòsàn, àwọn ni ó mú. Wọ́n gbọ́dọ̀ padà sílé, kí wọ́n sì lo àpapọ̀ ọdún méjì níbẹ̀, kí wọ́n tó lè gba ìwé ìgbélùú títí lọ, tàbí àwọn físà iṣẹ́ tí à ń pè ní H àti L, tàbí ti àfẹ́sọ́nà tí à ń pè ní K. Àwa kò lòdì sí òfin yìí. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Àwa tí a ń kọ́ni mọ bí ilé-ẹ̀kọ́ ti ń rí nígbà tí olùkọ́ tí a rán lọ kọ́ ìṣírò sí i kò bá padà wá mọ́, tí àwọn ọmọ ìwé kẹfà sì ń jókòó láìsí ẹni tí yóò kọ́ wọn.

Òfin náà kò dúró lórí ẹni tí a pè. Bí ó bá ti mú un, ó mú aya rẹ̀ tí ó ní J-2, ó sì mú àwọn ọmọ. Wọn kò gba owó ìwádìí, ìwé ẹ̀rí kò jẹ́ tiwọn, kò sí ìjọba tí ó náwó sí ẹ̀kọ́ wọn. Síbẹ̀ okùn kan náà ni ó dè wọ́n. Èyí tí ó tún ju ìyẹn lọ ni pé ẹni tí ó tẹ̀lé kò lè fúnra rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ kí a tú òun sílẹ̀. Ẹni tí a pè ni ó lè bẹ̀bẹ̀. Bí wọ́n bá tú u, wọ́n tú tirẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹni tí a pè bá kú, tàbí tí àwọn méjèèjì bá kọ ara wọn sílẹ̀, tàbí tí ọmọ bá pé ọdún 21, ìgbà náà ni wọ́n lè gbé ẹ̀bẹ̀ ti J-2 yẹ̀ wò fún ara rẹ̀. Ẹ rò ó wò: obìnrin kan ní láti di opó tàbí dálémosú kí a tó gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ṣé òfin náà burú nígbà náà? A ti jiyàn lé e láàárín ara wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí a kò bá de aya, ọkọ lè gba ẹ̀yìn aya wá ọ̀nà tí yóò fi dúró, a ó sì ti sọ ìlérí pé òun yóò padà di yẹ̀yẹ́. Nítorí náà a kò dá àwọn aṣòfin lẹ́bi pátápátá. Ohun tí a rí ni pé níwọ̀n ìgbà tí òfin ti fi ìwà ẹnì kan de ẹlòmíràn, ẹni náà kò gbọdọ̀ hùwà bí ẹni tí ó dá wà. Ó gbọ́dọ̀ sọ fún un. A ti rí obìnrin kan tí ó jẹ́ pé ọdún kẹta tí ó ti wà ní Amẹ́ríkà ni ó mọ̀ pé òun wà lábẹ́ ọdún méjì yìí. Àkọlé kúkúrú kan ti wà lórí físà tirẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ pásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ mọ̀. Ó ní òun kò fẹ́ kó ìdààmú bá a.

Àwọn àgbà wa tí wọ́n lọ sí Ìlú Ọba ti tọ irú ọ̀nà yìí rí. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Aureol ń ná Èkó sí Liverpool, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1951, ọ̀pọ̀ aya tẹ̀lé ọkọ tí ó lọ kọ́ òfin tàbí ìmọ̀ ẹ̀rọ. Àwọn aya wọ̀nyí ṣiṣẹ́: wọ́n ránṣọ ní ilé iṣẹ́, wọ́n tẹ ìwé, wọ́n tọ́jú aláìsàn, owó wọn sì ni ọkọ fi san owó ẹ̀kọ́. Nítorí pé iṣẹ́ pọ̀, tí ilé sì kéré, púpọ̀ nínú wọn fi ọmọ wọn sọ́wọ́ àwọn òyìnbó alágbàtọ́ ní Kent, ní Sussex àti níbòmíràn, wọ́n sì ń lọ wò wọ́n ní ọjọ́ ìsinmi. Lára àwọn ọmọ náà dàgbà láìgbọ́ èdè ìyá wọn. Nígbà tí bàbá padà sílé pẹ̀lú aṣọ lọ́yà, orúkọ rẹ̀ ni ìlú ń ké. A kò mọ iye ilé tí ẹnì kan ti jókòó ṣírò ohun tí ìyá náà san.

Bí ó bá jẹ́ pé aya ni a pè ńkọ́? Ní òde òní èyí kì í ṣe ohun àjèjì mọ́. Àwọn obìnrin wa ń gba J-1, ọkọ wọn a sì gba J-2. A mọ ọkùnrin kan, olùkọ́ ìmọ̀ ilẹ̀, tí àwọn ará àdúgbò ń fi ṣe ẹlẹ́yà pé ó ti di ìyàwó ìyàwó rẹ̀. Ó lọ. Oṣù mẹ́rin ni ó fi jókòó kí àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ tó dé. Ó ń se oúnjẹ, ó ń mú ọmọ lọ sí ilé-ìwé, ó sì sọ fún wa nígbà tí ó dé pé nínú oṣù mẹ́rin yìí ni òun tó mọ ohun tí ìyàwó òun ti ń ṣe fún ọdún mẹ́sàn-án. A fẹ́ kí gbogbo ẹni tí a bá pè kọ́kọ́ jẹ́ ẹni tí ó tẹ̀lé fún oṣù mẹ́rin. Òfin kò ní gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n à ń sọ ohun tí a fẹ́ ni.

Nípa ìyá àgbà, ọ̀rọ̀ kúkúrú ni ti wa. Ìdílé tí òfin mọ̀ ni ọkọ, aya àti ọmọ. Ìyá tí yóò wá wẹ ọmọ tuntun, tí yóò gbé e pọ̀n, tí yóò sì kọ́ ọ ní oríkì rẹ̀, kò sí nínú J-2. Ó ní láti wá físà àlejò tirẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ wà nínú ètò J fúnra rẹ̀ tí wọn kò lè mú ẹnikẹ́ni lọ, bí àwọn tí ń lọ tọ́jú ọmọ nínú ilé onílé, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń lọ ṣiṣẹ́ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹnì kan yóò sọ pé, bí ọ̀ràn bá le tó báyìí, kí ẹni tí a pè máa dá lọ, kí ó fi aya àti ọmọ sílé. A ti gbọ́ ìmọ̀ràn yìí lẹ́nu àwọn tí ó dàgbà jù wá lọ. Ó ní àǹfààní ní ti owó, nítorí pé olúkúlùkù ni ó ń san dọ́là 185 fún ìbéèrè físà, olúkúlùkù ni ó sì gbọ́dọ̀ ní ìwé adójútòfò ìlera tí ó tó dọ́là 100,000 fún àìsàn tàbí ìjàǹbá kọ̀ọ̀kan, tòun ti ọmọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n ìwádìí lè gba ọdún márùn-ún. Ọmọ tí a fi sílẹ̀ ní ọmọ ọdún méjì yóò ti di ọmọ ọdún méje, yóò sì máa sá fún àlejò tí ó sọ pé òun ni bàbá rẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ìmọ̀ràn yìí di òfin fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́: láti oṣù Kìíní ọdún 2024, ẹni tí ó bá lọ kọ́ ẹ̀kọ́ oyè kejì tí ó jẹ́ ti inú kíláàsì kò lè mú ìdílé rẹ̀ dání mọ́, àfi àwọn tí ẹ̀kọ́ wọn jẹ́ ti ìwádìí àti àwọn tí ìjọba san owó ẹ̀kọ́ wọn. Àwọn ilé tí èyí là sí méjì wà láàárín wa, ní Ìbàdàn àti ní Èkó. A kò rí i pé wọ́n sàn ju àwọn tí ó jọ lọ.

Nítorí náà, kì í ṣe lílọ tàbí àìlọ ni gbèsè náà. Gbèsè náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí lẹ́tà dé, kí ẹnikẹ́ni tó fèsì rẹ̀. Àṣà wa ni pé kí ọkọ fèsì pé òun ń bọ̀, kí ó tó wá sọ fún aya pé kí ó máa palẹ̀ mọ́. Ìyẹn kì í ṣe ìbéèrè, ìkéde ni. Ẹni tí a ó so ìwé rẹ̀ mọ́ tiwa ní ẹ̀tọ́ láti rí ìwé náà nígbà tí ó ṣì lè sọ pé rárá. Ó ní ẹ̀tọ́ láti mọ ti ọdún méjì, láti mọ iye oṣù tí òun lè jókòó láìsí iṣẹ́, kí ó sì kó ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ dání, bí ẹ̀kọ́ tirẹ̀ bá lè tẹ̀síwájú níbẹ̀. Bí owó oṣù bá sì ti ń bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, kí ó má jẹ́ pé ẹnì kejì yóò máa tọrọ owó ọkọ̀. Àwa ka èyí sí sísan gbèsè. Inú rere kọ́.

Ohun kan tún wà tí ó burú ju gbogbo èyí lọ, a kò sì ní fi bò. Ẹni tí ìwé ẹlòmíràn so mọ́ tirẹ̀ ní pàṣán lọ́wọ́. Nígbà tí ìjà bá dé, bí kò ti í ṣaláìdé, ó rọrùn láti sọ pé, "Rántí pé nítorí tèmi ni o ṣe wà níhìn-ín." Òótọ́ ni, bí a bá wo ìwé. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, àwọn méjèèjì kì í gbàgbé rẹ̀ mọ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, Ààrẹ Amẹ́ríkà fi àṣẹ síta pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìíní ọdún 2026, wọn yóò dáwọ́ fífún àwọn ọmọ Nàìjíríà àti ti Bẹ̀nẹ̀ ní físà J dúró, pẹ̀lú ti àbẹ̀wò àti ti akẹ́kọ̀ọ́. Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ti kan Tógò láti oṣù Kẹfà ọdún 2025. Kò kan ẹni tí físà rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti lọ ṣáájú, wọ́n sì ti fi aya sílé pé kí ó parí ọdún ẹ̀kọ́ náà pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kí ó tó wá bá wọn. Ọ̀kan nínú wọn, tí ó ti ṣe olùkọ́ pẹ̀lú wa rí, kọ̀wé sí wa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026. Ọdún méjì ni ó kù fún un nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, ó sì ń béèrè bóyá kí òun fi í sílẹ̀, kí òun padà wálé, tàbí kí òun dúró parí rẹ̀. A dá a lóhùn pé kí ó kọ́kọ́ sọ fún wa ohun tí ìyàwó rẹ̀ wí. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí èsì tó dé. Ó kọ ọ́ pé òun kò tíì bi í.